Oògùn Ẹnìkan, Ẹnu Méjì

Ilé Ògúnkànmí,
Ẹ̀yìn Mọ́sáláṣí,
Ìbàfò.
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kọkànlá, ọdún 2008.

Nàfísàt ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Àlàáfíà Ọlọ́hun kí ó wà pẹ̀lú rẹ níbi tí o bá ti ń ka ìwé yìí. Ṣé ara le? Ṣé ẹ̀kọ́ ń wọlé, ṣé òtútù Iléṣà kò dà ọ́ láàmú? Kí Ọlọ́hun tó mú ọ wọ ilé ẹ̀kọ́ ìlera náà mú ọ jáde pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́. Àwa tí o fi sílẹ̀ ní Ìbàfò wà, a dúpẹ́. Onílé ní kí n kí ọ, ó sì ní kí n béèrè bóyá wọ́n ti kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń wo orúnkún tó ń ró. Mo ní ẹ kò tíì dé orúnkún.

Mo mọ̀ pé ẹnu yóò yà ọ́ láti rí lẹ́tà mi. Ohun tí mo máa ń kọ kò ju ìwọ̀n pákó lára ògiri oníbàárà lọ, ìwọ fúnra rẹ lo sì máa ń sọ pé 4 mi kò yàtọ̀ sí 9 mi. N óò rọra kọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo ti pe fóònù rẹ láti ìgbà ààwẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin o kò gbé e. Ẹ̀ẹ̀mejì tí o gbé e, mo béèrè bóyá o ti jẹun, o ní o ti jẹun, mo sì pa fóònù. Mo ń sọ fún ara mi pé ọ̀rọ̀ tí mo ní kò ṣeé sọ lórí fóònù. Irọ́ ni. Ẹ̀rù ohùn rẹ ló ń bà mí.

N óò sọ ọ́ ní ìsinsìnyí kí ọwọ́ mi má baà fà sẹ́yìn. Màmá rẹ kò dá oògùn rẹ̀ dúró. Kò fi ọjọ́ kan ṣoṣo dá a dúró rí, kò sì mu àgbo kankan lé e lórí. Èmi ni mo ń jẹ ìdajì rẹ̀.

O rántí ọjọ́ Sátidé yẹn nínú oṣù kẹjọ tí o wá kí wa ní ìsinmi. O rí ìwé àyẹ̀wò màmá rẹ lórí tábìlì, o kà á, o rí i pé iye ọmọ ogun ara rẹ̀ tó ń bá àìsàn jà ti já wálẹ̀ bí ẹni tí kò lo oògùn rí. O bínú. N kò dá ọ lẹ́bi, ohun tí wọ́n kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́ lo sọ. O ní, “Màmi, oògùn yìí kì í déédéé féèlì. Ẹni tó bá ń fo ọjọ́ ni kòkòrò máa ń gbọ́n mọ́ lọ́wọ́. Ẹ ti dá a dúró. Ẹ̀yin lẹ ń fọwọ́ ara yín pa ara yín.” Màmá rẹ wò mí lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ó ń wo èékánná ọwọ́ rẹ̀. Èmi wà níbẹ̀, mo ń tún ẹsẹ̀ àpótí ìjókòó ṣe. Mo mú òòlù, mo kan ìṣó kan tí àpótí náà kò nílò.

Ọjọ́ kejì o padà sí Iléṣà, o kò dúró gba gaàrí tí màmá rẹ ń dì fún ọ. Láti ọjọ́ náà o kò pè é. Bí ó bá pè ọ́, ohun tí o máa ń bi í ni pé ṣé ó ti ń lo oògùn rẹ̀, bí ó bá sì ní bẹ́ẹ̀ ni, wàá ní ó dáa, ó dáa, ní ohùn ẹni tí kò gbà á gbọ́. Mo máa ń gbọ́ ọ láti ibi tí mo bá wà nínú yàrá.

Jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2006 tí màmá rẹ rù títí tí òrùka fi ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìwọ lo mú un lọ sí ilé ìwòsàn níhà Ìfọ̀, ìwọ lo sì gbọ́ ṣáájú mi pé kòkòrò éèdì ló wà lára rẹ̀. Ìfọ̀ lo mú un lọ nítorí pé ọkọ̀ méjì là ń wọ̀ débẹ̀, kò sí ará Ìbàfò tí yóò rí yín. O ṣe dáadáa. Wọ́n fún un lóògùn lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó máa lò ó láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, kó sì tó pé oṣù mẹ́rin òrùka ti há mọ́ ọn lọ́wọ́. Ibi tí ìwọ mọ̀ dé nìyẹn. Ta ló kó o ran ta láàárín èmi àti òun, a kò béèrè lọ́wọ́ ara wa, a kò sì ní béèrè.

Ohun tí o kò mọ̀ ni pé ní ọdún 2007, nígbà tí o ti wọlé ẹ̀kọ́, ara tèmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọṣẹ́. Ikọ́ ń bá mi lórí òrùlé. Ìgbà mìíràn wà tí mo máa di igi àjà mú kí òòyì tó kọ́ mi tó lọ. Mo lọ ṣe àyẹ̀wò ní Agége níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ mí, orúkọ tí mo fún wọn níbẹ̀ kì í sì í ṣe tèmi. Ohun tí mo ń bẹ̀rù náà ni wọ́n bá.

Ó yẹ kí n tẹ̀lé màmá rẹ lọ sí Ìfọ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an. N kò lọ. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí ṣe alága ẹgbẹ́ káfíńtà ni, ìwọ náà rántí bí mo ṣe ń gẹ fìlà nígbà náà. Màmúdù akọ̀wé wa, ọ̀nà Ìfọ̀ nilé rẹ̀, kò sì sí ohun tó wọ Màmúdù létí tí kì í gba ẹnu rẹ̀ jáde. Mo rò ó pé bí wọ́n bá fi lè rí alága lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn yẹn, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, bẹ́ẹ̀ ni mo sọ fún ara mi, bí ẹni pé ọgbọ́n ni mo ń pa. N kò béèrè pé ikú ta ni.

Mo bá bẹ màmá rẹ. Mo ní oògùn tí wọ́n ń fún un yóò tó àwa méjèèjì, ti àárọ̀ kí ó jẹ́ tirẹ̀, ti ìrọ̀lẹ́ kí ó jẹ́ tèmi. Ó ní nọ́ọ̀sì kìlọ̀ fún àwọn pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pín in fún ẹlòmíràn. Mo ní nọ́ọ̀sì ò mọ ohun tó ń jẹ́ tọkọtaya. Abọ́ kan náà la ti ń jẹun láti Ìkirè títí a fi dé Ìbàfò, kí ló wá dé tí oògùn yóò fi yàtọ̀? Ó wò mí, ó rí bí ọrùn ẹ̀wù mi ṣe fẹ̀ ju ọrùn mi lọ, ó sì gbà. Mo tún ní kí ó búra pé kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ìwọ. Ó búra.

Fún bí oṣù mélòó kan, mo rò pé mo gbọ́n. Ikọ́ fi mí sílẹ̀. Mo kan òrùlé mẹ́ta ní Mowé láàárín oṣù kan, mo sì ń fi màmá rẹ ṣe yẹ̀yẹ́ pé oògùn òyìnbó pàápàá mọ̀ pé ọ̀kan ṣoṣo ni wá. Òun náà ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò ọdún yìí bẹ̀rẹ̀, ó ń rẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà egbò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ sí i lẹ́nu, omi gbígbóná kò ṣeé mu fún un, ata kò ṣeé jẹ. Èmi ń gun òrùlé, òun kò lè gun àtẹ̀gùn ilé. Mo rí i, mo sì ń sọ pé yóò lọ.

Ìgbà tí a wà nínú ààwẹ̀ ni wọ́n pè é sí Ìfọ̀. Dókítà Fọláwẹ̀mí ló ń tọ́jú rẹ̀, obìnrin kékeré kan tí kì í gbóhùn sókè. Ó bi í bóyá ó ń lo oògùn rẹ̀ bó ṣe yẹ, màmá rẹ ní bẹ́ẹ̀ ni. Dókítà ní ti àkọ́kọ́ kò ran kòkòrò ara rẹ̀ mọ́, òun yóò fún un ní oríṣi mìíràn, ṣùgbọ́n bí èyí náà bá bàjẹ́, kò sí ẹ̀kẹta nílé ìwòsàn náà. Bí màmá rẹ ṣe dé ló sọ ọ́ fún mi bẹ́ẹ̀, ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́ bí ẹni ń jíṣẹ́ ẹlòmíràn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí mo ṣínu tán, ó mu ẹ̀kọ́ tútù díẹ̀, ó ń dijú bí ó bá ti ń gbé e mì. Lẹ́yìn náà ó ṣí ìgò oògùn tuntun. Ó da wọ́n sórí ọmọrí kúlà, ó ka tirẹ̀, ó ka tèmi, ó sì na tèmi sí mi. Ó ní, “Ẹ gbà. Ẹyọ èyí tóbi, ẹ fi omi púpọ̀ gbé e kó má baà há yín lọ́fun.” Nàfísàt, ẹni tí egbò kún ẹnu rẹ̀ báyẹn ló ń ṣàníyàn ọ̀fun mi. Mo gbà á. Mo da oògùn náà padà sínú ìgò, mo sì bú sẹ́kún bí ọmọdé. Mo ní ní ọ̀la, àwa méjèèjì la jọ ń lọ sí Ìfọ̀.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún dókítà. Mo ń retí kí ó pariwo lé mi lórí, ìbá sì dára bí ó bá pariwo. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ wa, ó ní, “Bàbá, kòkòrò yìí máa ń bí ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ lóòjọ́, kì í ṣe gbogbo ọmọ náà ló sì ń jọ ìyá wọn. Bí oògùn bá pé lára, kò sí èyí tó máa ráyè bímọ nínú wọn. Bí kò bá pé, ó máa pa èyí tó bá lè pa. Èyí tó ti bí yàtọ̀, tí oògùn ò rí mú, òun ló máa ṣẹ́kù, òun ló sì máa kún inú ara.” Ó ní àwọn kòkòrò tó kún ara màmá rẹ báyìí, àwọn ọmọ èyí tó yàtọ̀ náà ni, àti pé ìdajì oògùn ló ṣà wọ́n sílẹ̀.

Ó yé mi. Òrùlé àkọ́kọ́ tí mo dá kàn lẹ́yìn tí mo ṣe fìrídọ̀mù ló jẹ́ kí ó yé mi. Mo fi ìwọ̀n gé igi àkọ́kọ́, mo wá fi igi àkọ́kọ́ wọn èkejì, mo fi èkejì wọn ẹ̀kẹta, nítorí pé ọ̀lẹ ni mí. Bí o bá mú èyíkéyìí tó tẹ̀lé ara wọn, ìyàtọ̀ wọn kò ju ìbú èékánná lọ. Nígbà tí mo dé ìkẹẹ̀ẹ́dógún, igi kò dé orí ògiri mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò yìí ṣe ń yí díẹ̀díẹ̀ kúrò lábẹ́ oògùn, èmi sì wà lórí òrùlé, mo ń súfèé.

Mo béèrè ìbéèrè kan tí ó ṣòro fún mi láti béèrè. Mo ní kí ló dé tí òun ṣubú tí èmi sì dúró, nígbà tó jẹ́ pé déédéé la pín in. Dókítà ní ara kò dọ́gba. Ó ní nígbà tí èmi bẹ̀rẹ̀, ọmọ ogun ara mi ṣì pọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí màmá rẹ ní kò tó nǹkan láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì nílò gbogbo oògùn rẹ̀ kí ó tó lè kó wọn jọ padà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tí kò ní ló ń bù fún mi.

Wọ́n ní kí èmi náà lọ jókòó kí wọ́n fún mi ní káàdì. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí mo ti ń sá fún láti ọdún kan ààbọ̀. Mo fa fìlà mi bo iwájú orí. Kò pẹ́, obìnrin kan kúnlẹ̀ kí mi, mo wojú rẹ̀, ìyá Ọ̀ṣunníkẹ́ ni, tí mo kan òrùlé ilé rẹ̀ ní Mowé lọ́dún tó kọjá. Òun náà mú káàdì dání. Ó ní, “Ẹ káàárọ̀ sà, Alága. Nọ́mbà wo lẹ mú? Ẹ dì í mú dáadáa o, àwọn kan máa ń já wọ àárín láìnì níbí.” Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó ń sọ fún mi pé òrùlé náà kò jò rí. Ìyẹn nìkan ni ẹ̀sín tí mo bẹ̀rù. Nítorí ìyẹn ni mo ṣe ba oògùn màmá rẹ jẹ́. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, ṣùgbọ́n èmi, màmá rẹ ni mo gbé igbá tèmi rù.

Ní báyìí, olúkúlùkù wa ní ìgò tirẹ̀, orúkọ màmá rẹ wà lára tirẹ̀, orúkọ mi, orúkọ mi gan-an, wà lára tèmi. Dókítà ní kòkòrò ara tèmi náà ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń yẹra fún oògùn àkọ́kọ́, nítorí náà tuntun yìí kan náà ni èmi ń lò. A kì í fo ọjọ́ kan. Ẹnu màmá rẹ ti san, ó jẹ ẹ̀bà lánàá, ó bá mi jà lórí ẹja. Iye ọmọ ogun ara rẹ̀ tó jẹ́ mọ́kànlélọ́gọ́ta nínú oṣù kẹsàn-án ti di méjìdínlógóje. Dókítà ní ọ̀nà ṣì jìn, kí a má tíì fi ọwọ́ sọ̀yà. Mo ní a kò fi sọ̀yà, a kàn ń dúpẹ́.

Ìgbà tí a ń bọ̀ láti Ìfọ̀ ni mo sọ fún un pé mo máa jẹ́wọ́ fún ọ. Kò gbà. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kó máa bínú sí mi. Ìbínú ọmọ sí ìyá ẹ̀ kì í pẹ́. Bàbá tí ojú ẹ̀ bá ti wálẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀, kí ló kù fún un?” Ó ní òun kò kúkú nílò kí o gba òun gbọ́, pé Ọlọ́hun ti rí òun. Nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn ni mo ṣe tún fi odidi oṣù méjì sá pa mọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ó rọ̀ mí lọ́rùn láti gbọ́ tirẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé oògùn rẹ̀ nìkan kọ́ ni mo ń jẹ ní ìdajì.

Ọmọ mi, n kò ní kí o má bínú. Bínú, o lẹ́tọ̀ọ́ sí i, ṣùgbọ́n èmi ni kí o bínú sí. Bí o kò bá fẹ́ gbọ́ ohùn mi títí Iléyá yóò fi dé, n óò fara mọ́ ọn. Ohun kan ṣoṣo tí mo ń bẹ̀ ọ́ ni pé kí o pe màmá rẹ. Má bi í bóyá ó ti lo oògùn. Sọ fún un pé o ti mọ̀.

Kí Ọlọ́hun ṣí ọ lójú ìwé, kí ó fún ọ ní ọkọ tí kì í ṣe agbéraga bíi ti bàbá rẹ, kí ọwọ́ rẹ tu àwọn aláìsàn lára. Bí ẹnikẹ́ni bá jókòó níwájú rẹ lọ́jọ́ iwájú tí ó ní òun ń lo oògùn òun, tí ìwé àyẹ̀wò sì sọ ohun mìíràn, fi sùúrù bi í pé ta ni wọ́n jọ ń gbélé. A ó fojú kan ara wa láyọ̀. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ tó jẹ ọ́ ní òótọ́ ọ̀rọ̀ yìí,
Mùtíù Káfíńtà.

Àfikún: Mo ti ń fi ìwé yìí sínú àpò nígbà tí màmá rẹ ti ibi ìrun Àsárì dé, ó sì bi mí pé kí ni mo ń kọ láti àárọ̀. N kò lè purọ́ fún un mọ́. O mọ̀ pé kéú nìkan ló kà, nítorí náà mo ka gbogbo rẹ̀ sí i létí. Mo rò pé yóò gbà á lọ́wọ́ mi, kí ó ya á. Dípò bẹ́ẹ̀, ó ní kí n fi ibi tí mo ti kọ ọ́ pé òun kò dá oògùn dúró han òun. Mo fi hàn án. Ó gbé ìka rẹ̀ lé e, ó ní, “Ẹ tún un kà.” Mo tún un kà. Ó ní kí n tún un kà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo kà á, ìka rẹ̀ kò sì kúrò níbẹ̀.